Irin Tí Aníwúrà Ń Fọ̀

Àwọn ará Ìkọ̀yà a máa fi Aníwúrà ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ewúrẹ́ bá fẹ́ gba àgbàlá rẹ̀ kọjá, àfi kó kọ́kọ́ nu ẹsẹ̀. Wọn ò parọ́ púpọ̀. Ta ló ti rí ibi ìfúnpo tí ilẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀? Tirẹ̀ kì í yọ̀. Ìkòkò rẹ̀ ń dán, ẹ̀rọ ìfúnpo tí Adéwùmí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un náà ń dán. Lórí ibùsùn àìsàn ni Adéwùmí ti sọ fún un pé, "Ẹ̀rọ yẹn ni kó o máa wò bí ẹni ń wò mí. Tọ́jú ẹ̀." Ọkọ kú, ìyàwó di ọ̀rọ̀ náà mú.

Bí iṣẹ́ bá ti parí nírọ̀lẹ́, yóò bu eérú, yóò mú ìháhá ẹyìn, yóò máa fi fọ irin ara ẹ̀rọ náà bí ẹni ń fọ ìkòkò ọbẹ̀. Ibi tó máa ń pẹ́ sí jù ni ọrùn pọ́ǹpù tó ń fi ọ́ìlì fún ẹ̀rọ náà lágbára, níbi tí irin tó ń yí ti wọnú rẹ̀. Ọ́ìlì díẹ̀ a máa hàn níbẹ̀ bí òógùn. Lójú Aníwúrà, ìdọ̀tí ni. Yóò ha á títí yóò fi gbẹ.

Ọdún yìí ni pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Dominic, ọmọ Ìlàjẹ tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní Òkìtìpupa, wá pààrọ̀ síìlì rẹ̀, ìyẹn rọ́bà róbótó tó di irin náà mú lọ́rùn kí ọ́ìlì má baà jáde. Kò pẹ́, ó tún jò. Ó pààrọ̀ òmíràn, ó tún jò. Aníwúrà ti ń rò ó lọ́kàn pé àlòkù ni ọmọ yìí ń gbé wá bá òun.

Àárọ̀ Sátidé kan, ó ti se ẹyìn kún àgbá, èéfín ń rú. Gbígbóná là á fún ẹyìn. Bó bá tutù tó sì sùn, epo rẹ̀ á kan. Ìfún àkọ́kọ́ ni ọ́ìlì tú jáde lọ́rùn pọ́ǹpù fààà, agbára ẹ̀rọ sì lọ. Wọ́n fi ọ̀kadà gbé Dominic dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó yọ irin náà jáde pátápátá.

"Mọ́mì, ẹ fi èékánná yín wọ́ ọ níbí."

Èékánná Aníwúrà há sínú ipa kan tó yí irin náà po. "Kí ló jẹ ẹ́?"

"Ohun tó dà bí iyanrìn ló ń wọ abẹ́ rọ́bà yẹn. Ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀, òun ni rọ́bà fi ń yọ̀ lórí irin. Ó jọ pé ẹnì kan ń nù ún gbẹ ni." Ojú rẹ̀ bọ́ sórí igbá eérú lábẹ́ ẹ̀rọ.

"Èmi ni," Aníwúrà wí. "Mo ń tọ́jú ẹ̀ ni."

Dominic gbé irin náà sílẹ̀.

"O ò lè jó irin mìíràn kún un?" Aníwúrà bèèrè.

"Iná máa jẹ́ kó wọ́, Mọ́mì. Mo ti sún síìlì síwá, mo sún un sẹ́yìn, gbogbo ibẹ̀ ló ti jẹ. Irú pọ́ǹpù yìí ò sì sí lọ́jà mọ́."

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Láti kékeré ni Aníwúrà ti mọ òwe yìí, kò mọ̀ pé ọwọ́ òun ni ikú ilé wà. Ó dùn ún dé egungun. Láyé ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọn ì bá fi tẹ ẹyìn yìí, ṣùgbọ́n orúnkún tirẹ̀ ò gbé e mọ́. Èéfín orí àgbá ń tín-ín-rín lọ.

Ó jókòó sórí àpótí. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ nà, ó bu eérú, ó mú ìháhá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọ́ìlì tó dà sí ọrùn pọ́ǹpù. Dominic rí i. Ó na ọwọ́ láti gba ìháhá náà, ó tún fà á sẹ́yìn, torí pọ́ǹpù ti bàjẹ́ tán. Ó jẹ́ kó máa fọ̀ ọ́.