Yásìn tí bàbá mi kà fún dókítà

Ojú bàbá mi ti ń lọ tipẹ́, òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Àwọn dókítà tó ń ṣèwádìí lórí àrùn ojú wá sí àdúgbò wa ní Bẹyẹrúnkà láàárọ̀ yìí. Èmi gan-an ni mo fa Bàbá lọ, kí wọ́n lè rí ojú àgbà tó ṣì dáa. Ṣebí a máa ń fi wọ́n yangàn nínú agboolé: "Ẹni ọgọ́rin ọdún, wọn ò lo awò, wọ́n ń ka Kùránì láràárọ̀!"

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà kan nínú wọn, kò bá mi jiyàn. Ó gba Kùránì tí Bàbá mú dání lọ́wọ́ wọn, ó ṣí ojú ewé kan.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ibí yìí."

Bàbá gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka súrà Yásìn. Ó ń já geere lẹ́nu wọn.

Èmi tí wọ́n kọ́ ní kéwú yọjú wo ìwé náà. Kì í ṣe Yásìn ló wà níbẹ̀.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

Wọ́n rọra pa ìwé náà dé. "Ẹ ti fi ojú mi fọ́nnu káàkiri. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá sọ pé mi ò ríran?"

Dókítà ní ìríran tó ti lọ ò lè padà mọ́. Oògùn tí wọ́n á máa kán sójú ló lè dá ìyókù sí.

Mi ò tíì lè jẹun.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí lẹ fi ń yangàn nípa òbí yín? Ṣé ẹ ti bi àwọn fúnra wọn?