Ààrò Mi Kì í Ṣe Ọ̀run Àpáàdì

Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí o. Ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná.

Oníbúrẹ́dì kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Kí-ló-dé, nítorí kò sí ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n kà sí i létí tí kò ní bi wọ́n pé "kí ló dé?" Àtìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú láìṣe ìrìbọmi ló ti ń kọ́ kíláàsì àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọ yẹn ló fi ń rẹ ara rẹ̀ lẹ́kún.

Pásítọ̀ ibẹ̀, àbúrò ọkọ rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó kó àwọn ọmọ náà wọ ilé búrẹ́dì obìnrin náà wẹ́rẹ́, ó ní kí wọ́n na ọwọ́ sí ẹnu ààrò.

"Ṣé ó gbóná? Ọ̀run àpáàdì ju báyìí lọ, iná ibẹ̀ kì í sì í kú."

Ìyá Kí-ló-dé fi àkísà di ilẹ̀kùn ààrò mú, ó tì í gbàgà.

"Ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́? Inú ibẹ̀ ló wà?"

Pásítọ̀ wolẹ̀. "Ìyàwó wa, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ."

"Ẹ̀yin lẹ kó wọn wá. Bí búrẹ́dì bá fẹ́ jó mọ́ mi lọ́wọ́, mo máa ń gbé e jáde. Ẹni tó fi í síbẹ̀ títí láé, kí ló ń yan?"

"Èèyàn kì í fi ohun ìdáná wọn Ọlọ́run."

"Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ààrò mi wọ̀n ọ́n. Àárọ̀ ọ̀la, ẹ tún máa ránṣẹ́ wá ra búrẹ́dì inú ọ̀run àpáàdì."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ kó wọn jáde, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà tọ àwọn àgbà ìjọ lọ.

Àwọn àgbà ní kí Ìyá Kí-ló-dé kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́jọ́ Ìsinmi, tàbí kó fi kíláàsì sílẹ̀. Obìnrin náà rìn dé iwájú, kò tẹ orúnkún.

"Mo gba Ọlọ́run gbọ́. Iná tí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa jó ọkọ mi, òun ni n kò gbà gbọ́. Bí mo bá fi kọ́ ọmọ yín, irọ́ ni mo pa fún un."

Àgbà kan yanu. "Ṣé o gbọ́n ju ìjọ lọ ni?"

"Rárá, bàbá. Mo béèrè ni, ẹ ò sì tíì dá mi lóhùn."

Wọ́n gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dùn ún dé egungun. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rò pé ó sá kúrò níbẹ̀, ẹ ò mọ̀ ọ́n rárá: bẹ́ǹṣì iwájú pátápátá ló ń jókòó sí báyìí.

Ẹ lọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi kan. Bí ìwàásù bá kan iná, ẹ má wo obìnrin náà. Pásítọ̀ ni kẹ́ ẹ wò, bó ṣe máa ń yára ṣí ojú ìwé Bíbélì yẹn kọjá.