Àmì Pupa Ara Ọ̀pá Ọ̀gá

Afẹ́fẹ́ ń ṣe hìììì lábẹ́ lọ́rì Bàámi, ìdí lọ́rì náà sì ń gbéra díẹ̀díẹ̀ bí màlúù tó ń dìde nílẹ̀. Mo fi àyà lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, ọ̀pá igi àyìn kan wà lọ́wọ́ mi. Òórùn dísù àti gíríìsì gba imú mi kan. Lẹ́yìn mi, sálúbàtà rọ́bà Ọ̀gá ń lọ, ó ń bọ̀, torí wọn kì í lè dúró sójú kan nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń wọ inú ọkọ̀.

"Kà á," ni wọ́n wí.

"Ó fi ìka kan dín sí pupa, Ọ̀gá."

"Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Ìka kan ló dín."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ilé wa ní Òmù-Àrán kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá. Ìgbésẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni láti ẹnu ọ̀nà wa dé abẹ́ igi máńgòrò tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo àdúgbò ló ń pè wọ́n ní Ọ̀gá, títí kan lèmọ́mù tó dàgbà jù wọ́n lọ. Wọ́n ti bá àwọn tó ń la títì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó padà wálé, àwọn nìkan ni mẹkáníìkì ìlú wa tó mọ̀ nípa irú ọkọ̀ Bàámi.

Lọ́rì àtijọ́ ni, ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe sipíríǹgì ló gbé ìdí rẹ̀ ró. Àpò rọ́bà méjì tí afẹ́fẹ́ kún inú wọn ló gbé e, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Fáàfù kan ló ń pín afẹ́fẹ́ fún àpò méjèèjì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì so ọwọ́ fáàfù náà mọ́ irin ńlá tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Bí èèyàn bá yí nọ́ọ̀tì ara irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kí ó gùn sí i, ìdí ọkọ̀ á ga. Bí ó bá yí i kí ó kúrú, ìdí ọkọ̀ á wálẹ̀.

Ọ̀gá kì í fojú díwọ̀n rẹ̀. Ọkọ̀ á dúró sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, wọ́n á fi òkúta sé táyà níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n á ní kí gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n á gbé ọ̀pá náà lé irin ńlá yẹn, a ó sì wo ibi tí ṣáásì, ìyẹn irin gígùn tí ara ọkọ̀ jókòó lé, bá a dé. Àmì wà lára ọ̀pá náà ní ìka kọ̀ọ̀kan. Èyí tó jẹ́ ti lọ́rì Bàámi ni wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn. Bí ṣáásì bá ga ju pupa lọ, irin tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á wọ́, á máa gbọ̀n, á sì já lọ́jọ́ kan lójú ọ̀nà.

Wọ́n tún ní igi àyìn kúkúrú méjì tí wọ́n gé kó gùn dọ́gba pẹ̀lú pupa. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọ abẹ́ lọ́rì náà, igi méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ àárín ṣáásì àti irin ńlá, ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Wọ́n á ní, "Mi ò lè gbé orí mi sábẹ́ ohun tí mi ò lè fọwọ́ dì mú." Bí èèyàn bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kó gbé orí tirẹ̀ síbẹ̀ ná.

Ojú Ọ̀gá ṣì ń rí ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n kò rí ohun tó bá sún mọ́ ọn mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá wọn ka ọ̀pá nígbà ìsinmi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń ní kí n kà á.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ti ń ṣú láti àárọ̀, kò rọ̀, kò sì lọ. Ìgbà iṣu tuntun ni. Àwọn àgbẹ̀ ní Òrò-Àgọ́ ti kó iṣu sẹ́bàá ọ̀nà de Bàámi, bí òjò bá sì ṣáájú rẹ̀, ojú ọ̀nà náà kò ní ṣeé gbà. Bàámi kò lè jókòó. Wọ́n ń wo ojú ọ̀run, wọ́n ń ta táyà nípàá, wọ́n ń béèrè bóyá ó ti kù díẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìka méjì kún un. Àwọn òkúta ọ̀nà yẹn kò mọ̀ nípa ọ̀pá yín."

"Kí ìdí ọkọ̀ wá ga bí ti adìyẹ tó ń bẹ̀rù òjò? Mi ò fi kún un. Yà fún òkúta."

"Gbogbo ọ̀nà ni òkúta."

"Rọra máa wà á, dìráíbà. Ọkọ̀ rẹ kì í ṣe ẹyẹ."

Bàámi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu nìkan ni. Nígbà tí ìdí ọkọ̀ kan pupa, Ọ̀gá ti igi méjèèjì bọ àyè wọn, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n ní àwọn ń lọ kí ìrun Àìlà, àwọn á tún un wọ̀n bí àwọn bá dé.

Wọn ò tíì dé mọ́sálásí tí Bàámi fi mú sípánà. Wọ́n wọ abẹ́ ọkọ̀, igi méjèèjì ṣì wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Mo gbọ́ tí nọ́ọ̀tì ń dún. Mo gbọ́ hìììì. Ìdí ọkọ̀ gbéra. Wọ́n jáde, wọ́n yọ igi náà, wọ́n kó o lọ sídìí máńgòrò, wọ́n sì rí i pé mò ń wo àwọn.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Iṣu ń dúró dè mí."

Ọ̀gá dé, omi àlùwàlá ṣì wà ní irùngbọ̀n wọn. "A ti bá yín yọ igi," ni Bàámi wí. Ọ̀gá gbé ọ̀pá sí àyè rẹ̀, wọ́n ní kí n kà á.

Mo fi àyà lélẹ̀. Ìka méjì géérégé ni ṣáásì fi lé ní pupa. Mo wo bàtà Bàámi lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Mo rò ó pé bí mo bá sọ ọ́, ojú á tì wọ́n níwájú ẹni tó jù wọ́n lọ, èmi ọmọ wọn ló sì máa dójú tì wọ́n.

"Ó kan pupa, Ọ̀gá."

"Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Ó kan pupa."

Ọ̀gá yọ òkúta kúrò ní táyà. Bàámi lọ.

Mo gbá ilẹ̀ abẹ́ máńgòrò. Mo tún un gbá. Mo pọn omi sínú dúrọ́ọ̀mù tí omi ti kún tẹ́lẹ̀, ó ń ṣàn sí mi lẹ́sẹ̀.

"Kí ló dé tí ò ń yí kiri bí ewúrẹ́ tó ń wá ibi bímọ sí?" ni Ọ̀gá béèrè.

Mo sọ ọ́. Mo rò pé wọ́n á gbá mi létí. Wọn ò gbá mi létí, wọn ò tilẹ̀ wò mí. Wọ́n kó igi méjèèjì àti ọ̀pá lé mi lọ́wọ́, wọ́n mú sípánà, wọ́n ta alùpùpù wọn tó ti gbó nípàá títí ó fi dáhùn. "Gùn ún. Di igi yẹn mú dáadáa."

Ẹnu igi náà ń gún mi nítan ní gbogbo kòtò ọ̀nà. A sún mọ́ Òwu-Ìsin, lójú ọ̀nà Òrò-Àgọ́, kí a tó rí lọ́rì náà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹnikẹ́ni lórí ìjókòó dìráíbà. Ẹsẹ̀ méjì ló yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn. Bàtà Bàámi ni.

Mo fẹ́ pariwo. Ọ̀gá fi àtẹ́lẹwọ́ bò mí lẹ́nu. Wọ́n pa alùpùpù, wọ́n rọra rìn dé ibẹ̀, wọ́n sì fi ohùn tí èèyàn fi ń béèrè omi mímu sọ̀rọ̀.

"Dìráíbà, dá ọwọ́ dúró. Má tú nǹkan kan mọ́."

"Ọ̀gá? Kí lẹ wá ṣe níbí? Ó ń gbọ̀n ni mo ṣe fẹ́ dá a padà. Nọ́ọ̀tì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ tán."

"Fi í sílẹ̀. Yọ orí rẹ ná. Jáde wá kí mi."

Bàámi fi ẹ̀yìn wọ́ jáde, erùpẹ̀ bò wọ́n. Ọ̀gá gba igi lọ́wọ́ mi, wọ́n ti ọ̀kan bọ àárín ṣáásì àti irin ńlá lọ́tùn-ún, wọ́n ti èkejì bọ̀ ọ́ lósì. Wọ́n wá na sípánà láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n yí nọ́ọ̀tì náà lẹ́ẹ̀mẹta péré. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ já sílẹ̀, ọwọ́ fáàfù sì wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbé eruku sókè, ìdí lọ́rì já lulẹ̀, ó ṣe gbàgà lórí igi. Àpò rọ́bà méjèèjì rọ wọ̀ọ̀. Kò sí ohun tó tún gbé ọkọ̀ náà dúró ju igi méjèèjì lọ.

Bàámi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì mú igi apá òsì, níbi tí orí wọn wà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fà á. Kò mira. Wọ́n tún un fà. Wọ́n wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Wọ́n béèrè pé, "Ta ló sọ fún yín?"

"Ọ̀pá ni," ni Ọ̀gá wí.

Bàámi wo ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ mi, wọn ò wo ojú mi.

Ọ̀gá so irin náà padà, wọ́n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kún, wọ́n ní kí n kà á. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè bí ó ṣe gbéra lórí igi tí wọ́n sì ń yí nọ́ọ̀tì kó wálẹ̀: ìka méjì ló lé, ìka kan ló lé, ó kan pupa. Wọ́n ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì tún un kà. Òjò bẹ̀rẹ̀ kí a tó ṣe tán. Ọkọ̀ mìíràn ló kó iṣu ọjọ́ náà. Bàámi wa lọ́rì padà sílé ní ìwọ̀n tí ọmọdé lè fi ẹsẹ̀ rìn, alùpùpù Ọ̀gá sì ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, èmi ń wo ìdí lọ́rì náà títí a fi délé.

Ọ̀gá ti kú. Ọ̀pá náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi, pupa rẹ̀ ti ń ṣí. Ọkọ mi ní àníyàn mi ti pọ̀ jù, mi ò sì lè jiyàn. Bí ara ọmọ bá gbóná, iye tí mo bá rí lójú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìgbóná ara ni mò ń pè, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ń pè é. Mi ò lè sọ pé ó ti ń rọ̀ nítorí pé mo fẹ́ kó rọ̀. Láràárọ̀, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Ọmọ mi obìnrin, tí òun náà ti di ọmọ ọdún mọ́kànlá, á máa fà mí láṣọ. "Màámi, ẹ dìde, wọ́n ń wò wá."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pẹ́ jáde. Nígbà tí mo dé ìta, awakọ̀ ti tan ọkọ̀, ó sì ń fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́. "Màmá ò tíì dé. Ìwọ bá wọn wò ó, kí a lè tètè máa lọ. Ṣé kò sí nǹkan kan?"

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀, ó wo táyà ẹ̀yìn. Ó wo awakọ̀ tó ń kánjú, ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú fèrèsé. Mo mọ ìwò yẹn. Mo dúró níbi tí mo wà.

"Ó ti rọ̀," ni ó wí. "Ti apá òsì."

"Wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i," ni mo wí lẹ́yìn rẹ̀.

Ó tún un wò. "Ó ti rọ̀, Màámi."

Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń kùn, awakọ̀ lọ gbé jáàkì. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni wọ́n fi pẹ́ dé ilé ìwé lọ́jọ́ náà. Mo kà á.