Owó Ṣọ́ọ̀bù Ìbarà

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́ mi bí owó ṣe ń bímọ. Ohun tó ń dùn mí títí di òní nìyẹn. Ká ní àjèjì ló ṣe é fún mi, ǹ bá ti gbàgbé.

Nígbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, aṣọ ni mo ń rán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá wa, láàárín àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí ní Abẹ́òkúta. Alájọ ni mo ń dáwó fún. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba ní Ìbarà, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Alájọ ń gba ti ọjọ́ kan nínú oṣù, kò sì fi kọ́bọ̀ kan kún un. Ìwọ lò ń sanwó fún ẹni tó ń bá ẹ náwó ẹ."

Ó mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ, ó ṣírò rẹ̀ sórí tábìlì mi. Náírà mẹ́wàá lóṣooṣù, ọgọ́fà náírà lọ́dún. Báńkì á fi èlé lé e. Lọ́dún kejì, wọ́n á fi èlé lé owó tuntun, wọ́n á sì fi lé èlé ti tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú. Ó ní bí adìyẹ ni, òròmọdìyẹ náà á dàgbà, òun náà á yé. Mo wo iye tó kọ sísàlẹ̀, orí mi wú. Iye yẹn á gba ṣọ́ọ̀bù fún mi ní Ìbarà, níbi tí àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba á ti máa rí mi.

Mo fi alájọ sílẹ̀. Oṣooṣù ni mo ń kó owó fún ẹ̀gbọ́n mi, ó sì ń fi í pamọ́ sí báńkì lórúkọ ara rẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀ ni báńkì wà. Lóṣù tí iṣẹ́ bá dá, ẹ̀bà láìsí ẹran ni mò ń jẹ kí náírà mẹ́wàá má baà dín. Mi ò béèrè ìwé rí. Ta ló ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ọmọ ìyá rẹ̀?

Ìjọba ṣọ́jà ti padà dé kí ṣọ́ọ̀bù kan tó ṣófo. Ọjà ti wọ́n, àmọ́ mo ṣírò tèmi, mo rí i pé á tó. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi bá mi gba owó náà wá. Iye tí mo fọwọ́ mi kó fún un gẹ́lẹ́ ló gbé lé mi lọ́wọ́, kò sì tó ohun tí onílé ń béèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀ọ̀dá, èlé ńkọ́? Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Haráámù ni èlé," ó ní. "Mo gbọ́ wáàsí lórí ẹ̀. Mi ò lè jẹ́ kí iná jó àbúrò mi lọ́run. Ọdọọdún ni mò ń yọ ọ́, òun ni mo fi ń ṣe ìṣínu fáwọn aláàwẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí."

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ìṣínu yẹn ni gbogbo àdúgbò fi ń yìn ín, tí wọ́n ń ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run bù sí i fún un. Èmi náà ti ṣe àmín sí i. Onílé ò dúró dè mí. Ẹlòmíràn ló gba ṣọ́ọ̀bù náà.

Ìyá wa ní kí n fi í sílẹ̀, pé iṣẹ́ láádá ni. Mo ní ó dáa. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi ṣáà dìde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kó sọ fún wọn pé owó èlé àbúrò òun ni wọ́n ti ń jẹ, kí wọ́n máa ṣàdúrà fún èmi náà.



"Tí wọ́n bá gbọ́ pé owó èlé ni," ẹ̀gbọ́n mi ní, "ta ló máa fẹnu kan oúnjẹ náà?"