Sílè Kan, Fráǹkì Márùn-ún

Ẹ̀yin ọmọ tó jẹ́ pé owó sefa nìkan lẹ bá láyé, ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé n kì í jáde nílé láìbéèrè iye tí owó Gánà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ogun àwọn Jámánì ti parí, àwọn Faransé ti jókòó sórí àga wọn ní Atakpamé, ìlú wa ní Tógò, ṣùgbọ́n sílè àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì wà lápò wa. Fàdákà ni sílè. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì á fi eyín gé e wò. Bébà ni fráǹkì, ikán mọ̀ ọ́n jẹ, iye rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ láti ọjà dé ọjà. Lọ́dún yẹn, fráǹkì márùn-ún ni gbogbo ọjà ń gbà dípò sílè kan. Èmi tí mò ń ta àgbàdo, ẹnì kan ṣoṣo ni mo máa ń gba mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjà sílè kan: ẹ̀gbọ́n mi, Tẹ̀résà. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, fráǹkì ni wọ́n fi ń sanwó oṣù rẹ̀, wọn ò sì ní oko.

Bàbá wa ló ní oko, ní Akparé. Ó ta iṣu, ó kó sílè jọ, ó wá san owó orí. Èmi ni mo sìn ín dé ọ́fíìsì àwọn Faransé. Ògbufọ̀ wọn ka owó náà tán, ó ní, “Bàbá, kò pé.”

“Kò pé báwo? Sílè kan, fráǹkì márùn-ún ni.”

“Lọ́jà nìyẹn. Níhìn-ín, mẹ́ta ni, a kì í sì í gba bébà lọ́wọ́ àgbẹ̀.”

Wọ́n fún un ní ọjọ́ márùn-ún. Bí kò bá mú ìyókù wá, yóò lọ fọ́ òkúta lójú ọ̀nà Anié. Ẹsẹ̀ òsì bàbá mi ti wú láti ọdún tó ṣáájú, ebè iṣu rẹ̀ pàápàá, ìjókòó ló fi ń ro ó. Mo mọ̀ pé bó bá lọ, òkú rẹ̀ la ó gbé bọ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé n ò lè jẹun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, ògbufọ̀ yìí wá ra àgbàdo fráǹkì méjì lọ́wọ́ mi. Ó na sílè kan sí mi, ó ní kí n fún òun ní fráǹkì mẹ́ta padà. Ẹnu tó pè é ní mẹ́ta láàárọ̀ ló pè é ní márùn-ún lọ́sàn-án! Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Ìyá Sàlámátù lọ, oníyọ̀, ará Ìlọrin, àgbà ọjà wa. Bí kò bá tíì bu iyọ̀ àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kì í tajà.

Ó pe gbogbo wa jọ. “Lọ́la, ẹ wá sọ́jà, kí ẹ jókòó, kí ẹ dojú igbá dé. A ò ní tà títí sílè yóò fi jẹ́ márùn-ún ní ọ́fíìsì. Bó bá sì di márùn-ún, márùn-ún ni fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá tà ní mẹ́rin ti bà á jẹ́ fún wa.”

Gbogbo wa dáhùn pé a gbọ́. Èmi náà dáhùn.

Lọ́jọ́ kìíní, kọ̀máńdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso wa, kó sójà wá. Ògbufọ̀ ní, “Kọ̀máńdà ní kí ẹ ṣí igbá.”

Ìyá Sàlámátù ò dìde. “Sọ fún un pé a ò jà. Ọjà la wá. Ẹni tó bá fẹ́ kí n tà, kó kọ́kọ́ sọ iye tí owó mi jẹ́.”

Sójà kan ta igbá ẹ̀wà nípàá. Ẹ̀wà fọ́n ká, ẹnikẹ́ni ò bẹ̀rẹ̀ ṣà á. Adìẹ nìkan ló ṣọdún lọ́jà wa lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ kejì ni Tẹ̀résà dé, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, bébà fráǹkì lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bu àgbàdo fún mi. Ọmọ ò jẹun láti àná.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Nítorí Bàbá ni.”

“Ṣé Bàbá ìwọ nìkan ni? Ọmọ mi ò jẹ kọ̀máńdà lówó orí.”

Gbogbo ọjà ń wò mí. Bí igbá kan bá ṣí, gbogbo rẹ̀ ló máa ṣí. Mo wo ilẹ̀, mo sì gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí àwọn sójà pàápàá ò rí oúnjẹ rà mọ́, wọ́n kan pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì: sílè kan, fráǹkì márùn-ún. Bàbá san owó orí rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sí Akparé. Mo sunkún ayọ̀ lójú ọ̀nà.

A borí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n owó oṣù rélùwéè ò pọ̀ sí i, ẹnikẹ́ni ò sì lè tà ní mẹ́rin fún ará ilé rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ó yẹ ká pe àwọn aya òṣìṣẹ́ rélùwéè sí ìpàdé náà, kí owó oṣù ọkọ wọn wà nínú ohun tí a dojú igbá dé fún. Kò sẹ́ni tó rántí wọn, èmi tí ẹ̀gbọ́n mi wà láàárín wọn náà ò rántí.

Lọ́jọ́ tí a ṣẹ́gun, mo ru igbá àgbàdo sílè kan lọ sílé Tẹ̀résà. Ó gbà á, ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó mú bébà fráǹkì márùn-ún jáde, ó fi wọ́n lé mi lọ́wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, mo fún yín ni.”

“Rárá,” ló wí, “márùn-ún ni. Pátákó ti sọ ọ́.”

Títí ó fi kú, kò bínú sí mi, kò sì gba àgbàdo lọ́wọ́ mi láìsanwó rẹ̀.