Ọmọ Filipíìnì tó ń ki ara rẹ̀

Kàmọ́rù àbúrò mi ti fi dátà mi ṣòfò lónìí o!

Ó ní kí n wo fídíò ọmọ Filipíìnì kan tó ń kọ ráàpù nínú yàrá ìyá rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá mi nìyí. Ẹ bá mi pín in fáwọn ọ̀rẹ́ yín."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbà mí!

Ìlù ń lọ sí ọjà Kpata, ohùn ọmọkùnrin náà ń lọ sí àdúgbò Karaworo, wọn ò pàdé rárá. Èmi ò gbọ́ èdè wọn, àmọ́ ariwo ò nílò ògbufọ̀. Àkùkọ kan ń kọ lẹ́yìnkùlé wọn. Ká má parọ́, àkùkọ yẹn nìkan ló bá ìlù mu.

Ìyá wa àgbà tó jókòó tì wá gbórí sókè: "Ta ló kú níbẹ̀?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú, Màmá. Orin ló ń kọ."

"Orúkọ wo ló ń pè ṣáá yẹn?"

Kàmọ́rù ní, "Orúkọ ara rẹ̀ ni, Màmá. Ó ń yin ara rẹ̀ ni."

Màmá lanu sílẹ̀. "Ó ń ki ara rẹ̀? Ṣé kò ní ìyá ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Kàmọ́rù fajú ro.

Ni Màmá bá kọjú sí i, ó fi oríkì pè é: "Àkànní, láràárọ̀ ni mò ń kì ọ́, o kì í dúró gbọ́ tán. Ẹni tí o ò mọ̀ rí ń ki ara rẹ̀, o wá jókòó tì í."

Àkùkọ nìkan ló ṣì ń kọ nínú fóònù.

Fídíò náà ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ẹ gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ sọ òótọ́: nínú ọmọ Filipíìnì àti àkùkọ, ta ni ká gbé máíìkì fún?