Ìlara Ràímì Jórin-jórin

Ní Ikpinlè, bí ilẹ̀kùn irin ẹnikẹ́ni bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ Ràímì jórin-jórin ni wọ́n ń gbé e lọ. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ṣẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn ará àdúgbò kì í dá sílẹ̀ níwájú rẹ̀: ọ̀rọ̀ ikọ̀ ọkùnrin ilẹ̀ wa tó gba ife fọ́lẹ̀ nígbà tí Ràímì ṣì jẹ́ ọ̀dọ́.

Fọ́lẹ̀ náà, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbá kọjá àwọ̀n, òun àti Arnaud ọmọ tíṣà ni wọ́n jọ kọ́ ọ ní àgbàlá ilé ẹ̀kọ́. Okùn tí wọ́n fi ń di igi ìdáná ni àwọ̀n wọn. Ràímì a gbé bọ́ọ̀lù sókè jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin. Arnaud a fò, a sì là á mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe àwọn méjèèjì sí Kùtọnú fún ìdánwò, kóòṣì wo Ràímì, ó ní, "Ọwọ́ rẹ dára, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù sókè ti pé. Ẹni tó ń là á la ń wá."

Ràímì nìkan ló padà sílé. Lọ́dún kejì ikọ̀ náà gba ife, àwòrán Arnaud sì jáde nínú ìwé ìròyìn.

Láti ìgbà náà ni nǹkan kan ti jókòó sí àyà Ràímì. Ó gbéyàwó, ó bímọ, ó kọ́lé, nǹkan náà kò dìde. Bí wọ́n bá kí i ní ọjà Tatonnonkon pé, "Ẹ̀yin ará ìlú Arnaud!" ẹnu rẹ̀ a korò. Ta ló ń gbé bọ́ọ̀lù tí Arnaud fi mọ bí a ṣe ń fò? Kò sẹ́ni tó bèèrè.

Èyí tó wá dùn ún jù ni ti Sàlímátù, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, tó ń gbá fọ́lẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan Ràímì wọ yàrá rẹ̀ láti tún fèrèsé ṣe, ó bá àwòrán Arnaud lára ògiri.

"Kí lèyí ń wá nínú ilé mi?"

"Bàbá, àwọn ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Ká ní wọn ò gba ife yẹn ni, ta ni ìbá fún àwa ọmọ oko ní bọ́ọ̀lù?"

Ó tún fèrèsé náà ṣe tán, kò sì bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Kò pẹ́ sí i, kọmúùnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, ṣe pápá fọ́lẹ̀ sí Ikpinlè. Orúkọ Arnaud ni wọ́n ní àwọn máa fi pè é, Ràímì sì ni wọ́n gbé iṣẹ́ òpó irin méjèèjì fún. Ó gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ìkọ́ tí wọn yóò fi àwọ̀n kọ́, ó wọ̀n ọ́n tán, ó wá mọ̀ọ́mọ̀ jó o mọ́ ìsàlẹ̀ ibi tó yẹ, ó tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ tí a nà láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín ìka. Ó fẹ́ kí àwọ̀n rẹlẹ̀ níwájú Arnaud akọni wọn, kí ìlú rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí pápá, Arnaud, tí orí rẹ̀ ti funfun, rìn lọ sídìí àwọ̀n, ó na ọwọ́ sókè, ó wò ó. Ó wá kọjú sí àwọn èrò.

"Ìwọ̀n ti àwọn obìnrin, tó rẹlẹ̀ ju ti ọkùnrin lọ, ni wọ́n ta á sí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí àwọn ọmọbìnrin kọ́kọ́ gbá."

Àtẹ́wọ́ dún. Sàlímátù sáré wọ pápá. Àwọn èrò ń fọwọ́ gbá Ràímì lẹ́yìn, wọ́n ń yìn ín pé ó ro ti àwọn ọmọ. Ìyìn náà ta á lára ju iná irin lọ.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ láti gbé ìkọ́ náà sókè. Arnaud ti wà níbẹ̀, òun nìkan.

"Ràímì, ìwọ kì í ṣi nǹkan wọ̀n."

"N kò ṣì í wọ̀n. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

"Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń retí kí o kí mi kú oríire."

"Ó lé lógún ọdún tí èmi náà ti ń retí kí o dárúkọ mi."

Arnaud bẹ̀rẹ̀, ó mú bọ́ọ̀lù kan nílẹ̀. "Òótọ́ ni. N kò dárúkọ rẹ rí."

Ó ju bọ́ọ̀lù náà sí Ràímì. Ràímì gbé e sókè bíi ti àtijọ́. Arnaud fò, orúnkún rẹ̀ kọ̀, ó ṣubú, bọ́ọ̀lù balẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Inú Ràímì dùn. Ìdùnnú náà ti gbà á kó tó lè dá a dúró, ojú sì tì í gidigidi. Ó na ọwọ́, ó fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ dìde.

Ìlara náà kò tán lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá ní ó tán, irọ́ ló pa. Ṣùgbọ́n Ràímì ní kí Arnaud bá òun di àkàsọ̀ mú, ó gun òkè, ó sì jó ìkọ́ méjèèjì mọ́ ibi tó yẹ kí wọ́n wà.